Abẹ́rẹ́ Tí Ń Béèrè Orúkọ: Ìtàn Bí A Ṣe Sún Mọ́ Ohun Tí Ojú Kò Lè Rí

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lórí ojú ewé yìí mọ̀ pé èdè ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe kẹ́místrì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí mo bá yà kúrò lójú ọ̀nà tí a mọ̀ mí sí lónìí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ kẹ́místrì ni ó gbé àwòrán méjì síwájú mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ara ike kan náà ni wọ́n yà nínú àwòrán méjèèjì, ibi tí wọ́n sì yà níbẹ̀ kò fẹ̀ tó irun orí kan ṣoṣo. Nínú àwòrán kìn-ín-ní, òkè àti àfonífojì nìkan ni mo rí. Nínú èkejì, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù fi hàn pé oríṣi ike méjì ni wọ́n pò mọ́ ara wọn, ó sì fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró sí hàn. Ọ̀rẹ́ mi wá bi mí pé, "Ọ̀mọ̀wé, kí ni Yorùbá yóò pe iṣẹ́ tí ó bí àwòrán kejì yìí?"

Mo ní kí ó fún mi láyè. Ẹni tí yóò sọ ọmọ lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe bí i. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn iṣẹ́ náà nìyẹn, ìtàn náà sì wọ̀ mí lára ju bí mo ti rò lọ. Ó kan àwọn ará Jámánì, Íńdíà, Ireland, Switzerland àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó kan ọkùnrin kan pẹ̀lú, tí ó ní èrò kan tí ó ṣe kókó, tí ayé gbàgbé rẹ̀ sí ilé ìtọ́jú títí ó fi kú.

ÌRÍSÍ YÀTỌ̀ SÍ ORÚKỌ

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú oko tèmi. Ẹ kọ lẹ́tà i, g, b àti a tẹ̀ lé ara wọn láìfi àmì ohùn sí i. Ta ni yóò mọ̀ bóyá igba tí í ṣe 200 ni ẹ ń sọ, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tí í ṣe àkókò, tàbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ìrísí lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Ohùn ni ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun tí ó kéré gan-an ṣe rí. Ènìyàn lè ya àwòrán rẹ̀ kí ó má sì mọ ohun tí ó jẹ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mọ̀ tipẹ́ pé mólékù náà ní ohùn tirẹ̀. Kò sí mólékù tí kì í gbọ̀n. Àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ so mọ́ ara wọn bí ẹni pé okùn tí ó lè fà ni a fi so wọ́n. Bí onídùndún bá fún okùn awọ tí ó wà lára ìlù rẹ̀, ohùn ìlù a ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Ní ti mólékù, bí ìsopọ̀ bá ti le tó, tí átọ́ọ̀mù sì fúyẹ́ tó, ni gbígbọ̀n rẹ̀ ń yára tó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lè gbọ́ bí mólékù ṣe ń gbọ̀n yóò mọ irú mólékù tí ó jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbọ́ ìlù ṣe ń mọ oríkì tí wọ́n ń lù.

Ìṣòro méjì ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà. Èkíní ni bí a ó ṣe rí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ni bí a ó ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ń wá ojútùú èkíní, ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ń wá ti èkejì.

ODI TÍ ABBE RÍ

Ní ọdún 1873, Ernst Abbe, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì tí ó ń bá Carl Zeiss ṣiṣẹ́ ní ìlú Jena, ṣàlàyé ìdí tí máíkírósíkóòpù fi ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìmọ́lẹ̀ a máa rìn bí ìgbì omi. Bí àlàfo tí ó wà láàárín ohun méjì bá kéré ju nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, ohun méjèèjì yóò papọ̀ di ọ̀kan lójú ẹni tí ń wò ó, bí ó ti wù kí awò náà dára tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye sí i. Nánómítà kan ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n mìlímítà. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ó ní àwọ̀ ewé gùn tó nǹkan bí 500 nánómítà. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí ó bá kéré ju nǹkan bí 200 nánómítà lọ ti bọ́ sẹ́yìn odi. Mólékù kékeré kan kò sì ju nǹkan bí nánómítà kan lọ. Òfin Abbe yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta tí wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀ ní Jena.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn yọ. Láti ọdún 1931 ni Ernst Ruska àti Max Knoll ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀ ní Berlin, nítorí ìgbì tirẹ̀ kúrú púpọ̀púpọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn mólékù láti inú ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣì dúró sí ẹ̀yìn odi Abbe.

Àwọn àgbà wa ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó." Òfin òkèèrè gan-an ni òfin Abbe. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti kúrò lára ohun tí ó tú u ká, tí ó sì ti rìn dé ojú awò, ni ó ń ṣàkóso. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ mìíràn wà tí kì í rìnrìn àjò. Ara ohun náà gan-an ni ó máa ń rọ̀ mọ́, kì í sì í jìnnà tó gígùn ìgbì kan kí ó tó ṣá. Ẹ fi wé òórùn ọbẹ̀ tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná: ẹni tí ó bá dúró sí ìta kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀gúsí ni wọ́n ń sè tàbí ẹ̀fọ́. Inú ìmọ́lẹ̀ tí kì í rìn yìí ni àlàyé tí ó kéré jù lọ fi ara pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná.

ỌDÚN 1928: ỌKÙNRIN MÉJÌ TÍ KÒ MỌ ARA WỌN

Ọdún kan náà ni a rí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ní ibi méjì tí ó jìnnà sí ara wọn.

Èkíní jẹ́ ti ìlú Calcutta ní Íńdíà, tí a ń pè ní Kolkata lónìí. Chandrasekhara Venkata Raman ti rin ojú òkun Mẹditaréníà ní ọdún 1921, àwọ̀ búlúù omi náà sì gba ọkàn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí omi àti àwọn ohun mìíràn ṣe ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1928, òun àti K. S. Krishnan rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan bá wọ inú ohun ṣíṣàn, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa jáde pẹ̀lú àwọ̀ mìíràn. Mólékù ti bù lára agbára ìmọ́lẹ̀ náà, tàbí kí ó fi kún un. Iye tí ó bù tàbí tí ó fi kún un sì bá bí mólékù náà ṣe ń gbọ̀n mu. Ohùn mólékù ti wọ inú àwọ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1930, Raman di ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Éṣíà tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọjọ́ 28 oṣù kejì sì ni ọjọ́ sáyẹ́ǹsì ní orílẹ̀-èdè Íńdíà títí di òní.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Ohùn náà kéré jọjọ. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí mólékù bá tú ká, bóyá ni ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ yóò yí àwọ̀ padà. Ó dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín ọjà ọjọ́ ọdún.

Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Edward Hutchinson Synge ni orúkọ rẹ̀. J. M. Synge, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ni àbúrò bàbá rẹ̀. Edward kọ́ ìṣirò àti èdè Irish àtijọ́ ní Trinity College, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, kò ní yàrá ìwádìí, kò sì ní akẹ́kọ̀ọ́. Mo jẹ́wọ́ pé nígbà tí mo kà pé èdè àtijọ́ wà lára ohun tí ó kọ́, ọkàn mi fà mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1928, Synge kọ lẹ́tà sí Albert Einstein. Èrò rẹ̀ ni pé kí a mú ẹyọ wúrà kan tí ó kéré gan-an, kí a gbé e sún mọ́ ohun tí a fẹ́ wò, kí a tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kí ẹyọ wúrà náà sì jẹ́ orísun ìmọ́lẹ̀ kékeré tí a ó fi máa wo ohun náà ní ibi kọ̀ọ̀kan. Einstein fèsì. Ó gbà pé ìpìlẹ̀ èrò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí Synge fẹ́ gbé e gbà kò lè ṣeé lò. Synge tún dábàá ọ̀nà mìíràn: kí a lu ihò tí kò ju nǹkan bí 10 nánómítà lọ sí ara ìwé irin tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá, kí a gbé ihò náà sún mọ́ ohun tí a fẹ́ wò, kí a sì máa sún un kiri díẹ̀díẹ̀. Einstein gbà á níyànjú pé kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ihò ni Synge sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Philosophical Magazine lọ́dún náà. Ẹyọ wúrà kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún 1932, ó tún kọ òmíràn. Ó ṣàlàyé bí a ṣe lè fi òkúta kuọ́ọ̀sì tí ó máa ń gùn tàbí kúrú díẹ̀ bí iná mànàmáná bá wọ inú rẹ̀ sún ohun tí a ń wò kiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ òkúta yìí sọ́kàn. Lẹ́yìn èyí ni àìsàn ọpọlọ dé. Láti ọdún 1936, ilé ìtọ́jú ni ó wà títí ó fi kú ní ọdún 1957.

Àwọn àgbà ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀." Ẹnìkan lè rò pé àgbà ni ó borí nínú ìtàn yìí. Ẹ ṣe sùúrù.

ÀWỌN TÍ Ó TÚN Ọ̀NÀ NÁÀ LÀ

Ìmọ̀ tí kò bá lọ láti ẹnu dé etí a máa kú, bí ó tilẹ̀ wà nínú ìwé. Ní ọdún 1956, John O'Keefe ní Amẹ́ríkà tún dá irú èrò ihò yìí pa láìmọ̀ pé Synge ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1972, Eric Ash àti G. Nicholls ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fi ìgbì kan tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 dán an wò. Ohun tí wọ́n rí kéré tó ìdá kan nínú 60 gígùn ìgbì náà, èyí tí í ṣe ìdajì mìlímítà. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mólékù, ṣùgbọ́n odi Abbe ti lanu. Ní ọdún 1984, Dieter Pohl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí IBM lẹ́bàá Zürich fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ṣe é.

Nínú ilé ìwádìí kan náà ni ohun tí ó yí gbogbo rẹ̀ padà ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1981. Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer mú abẹ́rẹ́ irin kan tí ẹnu rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lè wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n gbé e sún mọ́ ara irin mìíràn tó nǹkan bí nánómítà kan láìjẹ́ kí ó kàn án, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá fi ìdá kan nínú 10 nánómítà jìnnà sẹ́yìn, iná tí ń kọjá a dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po 10. Kí ni ó ń sún abẹ́rẹ́ náà kiri? Irú òkúta tí ń gùn tí ó sì ń kúrú tí Synge sọ ní 1932 ni. Abẹ́rẹ́ náà ń rìn bí ọ̀pá afọ́jú: kò rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tí ó ti lọ sílẹ̀. Báyìí ni ènìyàn ṣe rí ètò átọ́ọ̀mù lórí ara sílíkọ́nì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì gba ìdajì Ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní ọdún 1986. Ruska, tí ó ti di ẹni ọdún 79, gba ìdajì yòókù.

Ní ọdún 1986 kan náà, Binnig, Calvin Quate àti Christoph Gerber ṣe irú abẹ́rẹ́ mìíràn tí kò nílò iná. Ṣóńṣó dáyámọ́ńdì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ wúrà tín-ín-rín ni wọ́n lò. Pẹlẹbẹ náà a máa tẹ̀ sókè sódò bí ṣóńṣó náà bá ṣe ń fi ara kan ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Láti ìgbà náà ni a ti lè fi abẹ́rẹ́ fọwọ́ kan ike, awọ, egungun àti kòkòrò àìfojúrí.

Síbẹ̀, àwòrán kìn-ín-ní tí ọ̀rẹ́ mi gbé síwájú mi nìyẹn: òkè àti àfonífojì. Lẹ́tà ti pé, àmì ohùn kò sí.

FÀDÁKÀ ÀTI WÚRÀ GBÉ OHÙN SÓKÈ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí àwọn elábẹ́rẹ́ ń ṣe tiwọn, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ní Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1974, Martin Fleischmann, Patrick Hendra àti James McQuillan ń gbọ́ ohùn Raman láti ara mólékù pírídíìnì tí ó lẹ̀ mọ́ fàdákà tí wọ́n ti mú kí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Ohùn náà lágbára. Wọ́n rò pé nítorí pé ara fàdákà náà ti fẹ̀ sí i ni, tí mólékù púpọ̀ sì fi ráyè dúró sí. Ní ọdún 1977, Jeanmaire àti Van Duyne ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Albrecht àti Creighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àlàyé yìí kò tó. Ohùn náà ti pọ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó fà á ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà lójú fàdákà tàbí wúrà a máa jó papọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n. Ní ibi tí irin náà bá ti ṣe ṣóńṣó, tàbí ibi tí ẹyọ méjì ti fẹ́ kan ara wọn, ìmọ́lẹ̀ a máa kóra jọ síbẹ̀ bí omi òjò ṣe ń kóra jọ sí ojú àgbàrá. Mólékù tí ó bá wà níbẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ ketekete.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ṣóńṣó fàdákà bá ń gbé ohùn sókè, tí a sì ti ní abẹ́rẹ́ tí a lè darí síbi tí ó bá wù wá, kí ló dé tí a kò fi fàdákà tàbí wúrà ṣe ẹnu abẹ́rẹ́ náà? John Wessel ní Amẹ́ríkà dábàá irú rẹ̀ ní ọdún 1985. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ olùwádìí mẹ́rin ní ibi mẹ́rin tẹ iṣẹ́ jáde tí ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ti Renato Zenobi ní Zürich, ti Satoshi Kawata ní Osaka ní ilẹ̀ Japan, ti Bruno Pettinger ní Berlin, àti ti Mark Anderson ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tan lésà sí ẹnu abẹ́rẹ́ náà, abẹ́rẹ́ sì ń rìn, ó ń dúró, ó ń béèrè lọ́wọ́ mólékù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìwọ, ta ni ọ́?"

Kí ni abẹ́rẹ́ yìí bí kò ṣe ẹyọ wúrà Synge? Ọdún 72 ni ó wà láàárín lẹ́tà rẹ̀ àti ọdún 2000.

Èmi kò sọ pé Einstein ṣì í sọ. Ní 1928, kò sí lésà, kò sí ohun tí a lè fi darí ẹyọ wúrà náà ní ìwọ̀n nánómítà, kò sì sí ọ̀nà láti ya ìmọ́lẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tí ó ti ara rẹ̀ wá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ láyìíká rẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ àgbà náà tọ̀nà fún ọjọ́ rẹ̀, a sì jẹ́ kí ó di ìdájọ́ fún gbogbo ọjọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ó yẹ kí ó má jẹ́ kí á pe ẹni tí kò lórúkọ ní wèrè pẹ̀lú.

OOORU PẸ̀LÚ NÍ OHÙN

Ọ̀nà kejì tí a fi ń gbọ́ ohùn mólékù ni ìmọ́lẹ̀ ooru, èyí tí ojú kì í rí. Bí ìgbì rẹ̀ bá bá gbígbọ̀n mólékù mu, mólékù a gbé e mì. Ṣùgbọ́n ìgbì yìí gùn tó 10,000 nánómítà, odi Abbe sì tún ga sí i.

Ní ọdún 1999, Bernhard Knoll àti Fritz Keilmann ní Jámánì tan ìmọ́lẹ̀ yìí sí abẹ́rẹ́ kan tí ń fò sókè sódò lórí àdàlù ike méjì, wọ́n sì ya ike kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ní ìwọ̀n nǹkan bí 100 nánómítà. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ẹnu abẹ́rẹ́ wá láàárín gbogbo ìmọ́lẹ̀ yòókù? Abẹ́rẹ́ ń jó sí ìlù tí àwọn fúnra wọn ń lù. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ń jó sí ìlù náà ni wọ́n gbà, wọ́n sì jẹ́ kí ìyókù kọjá.

Ní ọdún 2005, Alexandre Dazzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Orsay, ní ilẹ̀ Faransé, gba ọ̀nà tí ó rọrùn jù ú lọ. Wọn kò tilẹ̀ wo ìmọ́lẹ̀ tí ó padà wá. Mólékù tí ó bá gbé ìmọ́lẹ̀ ooru mì yóò gbóná, ohun tí ó bá gbóná yóò wú díẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá ń pààrọ̀ gígùn ìgbì náà, tí a sì ń kọ èyí tí ó mú kí ibẹ̀ wú sílẹ̀, a ti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Níbo ni eléyìí wúlò dé? Ẹ wo ọkọ̀ Stardust tí NASA rán lọ sí ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ onírù tí a ń pè ní Wild 2. Ní ọdún 2006, ó kó eruku ìràwọ̀ náà bọ̀ wá sí ayé. Irú eruku bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ṣòfò; bí ẹ bá lọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ fi omi yọ́ ọ, ó parí. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti fi abẹ́rẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ooru ka ohun tí ó wà nínú ẹyọ eruku náà láìba á jẹ́.

DÉ Ọ̀DỌ̀ MÓLÉKÙ KAN ṢOṢO

Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ Dong Zhenchao àti Hou Jianguo ní ìlú Hefei, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, gbé abẹ́rẹ́ fàdákà sórí mólékù kan ṣoṣo nínú òfìfo tí ó tutù nini. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó kéré ju nánómítà kan lọ. Wọ́n rí apá kọ̀ọ̀kan nínú ara mólékù náà. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Vartkess Ara Apkarian ní Irvine, ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán bí mólékù kan ṣe ń gbọ̀n: apá tí ó ń mì nígbà tí ó bá ń kọ ohùn kan, àti apá tí ó ń mì nígbà tí ó bá ń kọ òmíràn. Odi tí Abbe rí ní 200 nánómítà ni a ti rìn lábẹ́ rẹ̀ kọjá jìnnà tó báyìí, bẹ́ẹ̀ òfin rẹ̀ kò sì yẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń wo nǹkan láti òkèèrè.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan kún un kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé abẹ́rẹ́ kì í purọ́. Ìdọ̀tí kékeré tí ó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ni ohun tí a ń wò. Ìmọ́lẹ̀ tí ó kóra jọ síbẹ̀ lè sọ mólékù kan di mólékù mìíràn. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí kan tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ lo èyí: wọ́n fi lésà aláwọ̀ ewé dá ìyípadà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n sì fi lésà aláwọ̀ pupa wo bí ó ṣe ń lọ. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ohun tó bẹ́ẹ̀ ti di ara ohun náà. Àwa tí a ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní abúlé mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú bàbá, bàbá kò ní í sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ mọ́.

ORÚKỌ TÍ MO FÚN UN

Mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi. Mo ní bí a ṣe ní àfojúrí àti àfọwọ́fà, bẹ́ẹ̀ ni a lè pe ti èyí ní àfabẹ́rẹ́mọ̀, ohun tí a fi abẹ́rẹ́ mọ̀. Àwòrán kìn-ín-ní jẹ́ àwòrán ìrísí. Èkejì jẹ́ àwòrán àfabẹ́rẹ́mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò dán an wò lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára jù ú lọ, ẹ má fi pamọ́.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni Synge. Èrò tí ó tẹ̀ jáde, ti ihò, wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Èyí tí ó fi sílẹ̀ nínú lẹ́tà ni ó ṣe jìnnà sí ojú ayé jù lọ, òun sì ni ó gbé àwọn ènìyàn dé ọ̀dọ̀ mólékù nígbẹ̀yìn. Mélòó nínú èrò àwọn ènìyàn wa ni ó wà nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, tàbí tí kò tilẹ̀ dé inú lẹ́tà rárá, nítorí pé ẹni ńlá kan ní kò lè ṣeé ṣe, tàbí nítorí pé a rò pé èdè wa kò lè gbé e? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ẹ fi rò ó. Ẹ sì fi àmì ohùn sí i, kí ẹni tí yóò kà á ní ọdún 72 sí i má baà rí ìrísí nìkan.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.